Ọjọ́ méje ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú síìlì kan nínú báàgì mi

Ọjọ́ Àìkú

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ kí ọkọ̀ tó kún ní Ọ̀jọ́ọ̀. Ẹ̀yìn dírẹ́bà ni mo jókòó sí, mo gbé báàgì mi lé itan. Tọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀, téèpù ìwọn-nǹkan wà níbẹ̀, òòlù kékeré kan wà níbẹ̀, àti ìwé ìbéèrè gbọọrọ kan tí oníbàárà kan ní Amẹ́ríkà kọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó pè mí. Màmá tó jókòó tì mí rí òòlù náà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé káfíńtà ni yín ni?" Mo ní rárá o, mo ń lọ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wò ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi nǹkan tí kò yẹ kún un. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ olè nìyẹn." Mo ní ọ̀rọ̀ olè ni, àmọ́ olè tó ń fi nǹkan kún ẹrù burú ju olè tó ń yọ nínú ẹ̀ lọ. Ó ronú sí i títí a fi dé Fìdítì, ó wá ra ọsàn, ó fún mi ní méjì.

Kajú ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé tó bá ti di oṣù kejì, òórùn kajú ló máa ń gba ìlú kan. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń kó o lódindi lọ sí Vietnam àti Íńdíà. Àwọn tó pè mí yìí ń sè é, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń bó o, wọ́n sì ń ta ọmọ inú ẹ̀. Oníbàárà wọn wà nínú C-TPAT, ètò ààbò ẹrù tí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú wó ilé gogoro méjì nì ní New York. Ilé iṣẹ́ Nàìjíríà kò lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ wa ló forúkọ sílẹ̀, òun ló sì máa dáhùn bí àwọn tó ń kó ọjà wá fún un bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kò sì lè máa wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣooṣù. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tiwọn tó lè ṣe ọ́díìtì, ìyẹn àyẹ̀wò, ilé ara wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ láì bò ó.

Mo wọ ìlú nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Mo jẹ ọkà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Àyè ẹ̀kọ ò sí mọ́.

Ọjọ́ Ajé

Bàbá kan ló wà ní géètì. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wọn ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Àǹtí wa láti Ìbàdàn, ẹ káàbọ̀ o, a ti ń retí yín," ó sì ṣí géètì gbàgà. Kò bèèrè orúkọ mi. Kò wo báàgì mi. Ìwé géètì wà lórí tábìlì ẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i, kò sì kọ nǹkan kan sínú ẹ̀. Mo fi sínú.

Ọ́fíìsì máníjà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn síìlì wọn, irin onínọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kọ̀nténà, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ká wo ọjọ́ tí wọ́n máa mọ̀ pé ó dín. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ìwé kékeré kan fún mi, ó fọwọ́ sí i, ó kọ àkókò sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ láìgba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ń wá wàhálà ni. Nígbà tí akọ̀wé ẹrù lọ bu omi, mo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀. Kò tì í. Inú páálí kan ni àwọn síìlì wà, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá kúlíkúlí àti okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù. Irin ni wọ́n, wọ́n nípọn bí ìka ọmọdé, wọ́n sì tẹ lẹ́tà H sí ara wọn. H yẹn ló ń sọ pé síìlì náà kúnjú òṣùwọ̀n àgbáyé ISO 17712: èèyàn lè so ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan mọ́ ọn kó má já. Ohun tó lágbára tó báyìí, ẹ̀gbẹ́ kúlíkúlí ni wọ́n fi sí. Mo mú ọ̀kan, mo ti dúrọ́ọ̀ padà.

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n yàn fún ẹ̀kọ́ náà, gbogbo wọn gbọ́ òyìnbó dáadáa. Mo fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti C-TPAT, mo sọ ti ètò ààbò ẹrù SAFE tí àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé fọwọ́ sí ní 2005, mo sọ ti òṣùwọ̀n ààbò ẹrù ISO 28000 tó jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2022, mo ní kí wọ́n má rò pé ti òyìnbó nìkan ni, torí òfin aṣọ́bodè wa tuntun ti 2023 náà ní ètò oníṣòwò tí ìjọba fọkàn tán nínú. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan. Aago méjìlá lu, ojú wọn ti rọ.

Mo da ìwé dé. Mo ní ká sọ Yorùbá. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, kí ni Ògúnlọlá gbé dé iwájú Aláàfin?" Wọ́n ní orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó pa ni. Mo ní kí ló dé tí kò kàn wí pé, "Kábíyèsí, mo ti pa á"? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìkẹ́rù ní, "Ta ló máa gbà á gbọ́?" Mo ní ọ́díìtì nìyẹn. Ohun tí ẹnu sọ kò tó. Ó kéré tán, ẹ bèèrè lẹ́nu, ẹ wo ìwé, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá bára mu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìbéèrè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde nìyẹn. Ìyá kan tó gbé omi tútù wá fún wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lọ mọ́. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, níbi tí wọ́n ti ń ṣa kajú ló ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tó kọ ìwé bá wá jẹ́ ẹni tó jí nǹkan ńkọ́?" Mo bi máníjà bóyá Ìyá Ìbejì lè bá wa jókòó. Ó ní kò kàwé púpọ̀. Mo ní ìbéèrè tó bi mí yẹn, àwọn tó kàwé ò bi mí. Wọ́n gbé àga wá fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Inú ilé iṣẹ́ la wà látàárọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kajú, àwọn obìnrin fi òróró ra ọwọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí epo tó wà nínú èèpo kajú máa ń jó ara bí iná. Níwájú, níbi ìṣàjọ, Ìyá Ìbejì fi bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ hàn mí: èyí tó jẹ́ pé 240 ló máa wọ ìwọ̀n páùn kan, àti èyí tó jẹ́ 320. Kò wọn nǹkan kan. Ìka ẹ̀ ń sáré lórí tábìlì, ó ń já wọn sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ tó wà ní LAUTECH lọ. Mo dá a dúró, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sórí ìwọ̀n. Iye tó sọ gan-an ló jẹ́. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ojú yìí wúlò fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn la lọ síbi ìkẹ́rùsí. Páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 22.68, ìyẹn àádọ́ta páùn. Pálẹ́ẹ̀tì onígi tí wọ́n tò wọ́n lé ni mo ní kí wọ́n wò. Òfin àgbáyé kan wà, ISPM 15, tó ní igi tó bá máa bá ẹrù kọjá ibodè gbọ́dọ̀ gba ooru títí àárín igi náà gan-an fi gbóná dé ìwọ̀n 56 Celsius fún ìṣẹ́jú 30, tàbí kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ lọ́nà mìíràn tí òfin náà gbà, kí kòkòrò inú ẹ̀ lè kú, wọ́n á sì tẹ òǹtẹ̀ onípòpó àlìkámà sí i. Nínú pálẹ́ẹ̀tì ogún tí wọ́n wò, mẹ́ta ò ní òǹtẹ̀. Káfíńtà àdúgbò kan ló kàn án. Akọ̀wé ẹrù ní, "Igi dáadáa ni o, igi líle ni." Ọ̀dọ́mọkùnrin ibi ìkẹ́rù dá a lóhùn pé kòkòrò ò mọ igi líle.

Ọ̀sán ló le. Mo ní kí wọ́n ṣeré bí wọ́n ṣe máa lọ bi Bàbá Ọdẹ ní ìbéèrè nípa géètì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni mo yàn. Ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, Bàbá ló mú mi wá sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí mo bá lọ bi í pé ṣé ó ń yẹ báàgì wò, á ní mo ti gbójú." Àwọn tó kù mi orí. Wọ́n mọ ohun tó ń sọ.

Mo ti ń kọ́ èèyàn ní ọ́díìtì láti ọdún pípẹ́, ibí yìí náà ló máa ń há. Ìwé òyìnbó ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá. Ìwé ní kí o bi ẹni náà léèrè. Kò sọ ohun tí o máa ṣe bí ẹni náà bá jẹ́ ẹni tó ń fún ọ ní owó ọkọ̀ nígbà tí o ń wáṣẹ́. Èmi gbà pé kì í ṣe pé ká pa ọ̀wọ̀ tì. Ìbéèrè ló yẹ ká yí padà. "Ṣé ẹ ń yẹ báàgì wò?" jẹ́ ìbéèrè adájọ́: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyíkéyìí tó bá mú, ó ti wà níwájú ilé ẹjọ́. Àmọ́ bí ọmọdé bá dọ̀bálẹ̀ tó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe ń ṣe é," Bàbá ti di olùkọ́ nìyẹn, á sì fi hàn án. Á tiẹ̀ fi èyí tí kò sí nínú ìwé kún un. Wọ́n ń ṣe é láàárín ara wọn, "ẹ fi hàn mí, ẹ fi hàn mí", wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín, ó ń ronú.

Ọjọ́rú

Kọ̀nténà òfìfo dé láti Èkó kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Dírẹ́bà ò sùn, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Máníjà fẹ́ kí wọ́n di ẹrù sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́, torí ọkọ̀ ojú omi ti dá ọjọ́ tí kò ní gbẹ́rù mọ́. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, èmi á dúró síbi òjìji, mi ò ní lanu.

Ibi méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò: abẹ́ àti ìta, ilẹ̀kùn tinú-tòde, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, ògiri iwájú, òrùlé, àti ilẹ̀. Wọ́n na téèpù láti ilẹ̀kùn dé ògiri iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà 5.9, bó ṣe yẹ kọ̀nténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogún. Bó bá dín ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, a jẹ́ pé ẹnì kan ti mọ ògiri mìíràn síwájú tòótọ́, nǹkan sì wà láàárín wọn. Wọ́n fi òòlù mi lu ògiri yí ká, wọ́n ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, àwọn méjì wọ inú ẹ̀ lọ, wọ́n ní ká ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn, kí àwọn lè wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láti ibì kan. Bàbá Ọdẹ sáré wá láti géètì. "Ẹ ti ọmọ èèyàn mọ́ inú irin nínú oòrùn yìí? Ẹ ṣí i!" Wọ́n ṣí i. Àwọn méjèèjì jáde, òógùn bò wọ́n, wọ́n ní ihò ò sí.

Máníjà ti ń wo aago. Dírẹ́bà ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé sínú ẹ̀ ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fẹ́ máa gbé páálí wá.

Ìyá Ìbejì ò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń fi ìka ra ibi tí wọ́n ti kan ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pá irin. Ìṣó olórí róbótó ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gbá a mẹ́yìn, kò ṣeé tú. Ó ní, "Èyí ò jọ àwọn yòókù." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tún un sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú tọ́ọ̀ṣì lọ bá a. Ọ̀dà tó wà lórí ọ̀kan tún pupa ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀, díẹ̀ gan-an. Ó fi èékánná họ ọ́. Abẹ́ ọ̀dà náà, kì í ṣe ìṣó. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni, wọ́n fi ọ̀dà bò ó.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Bí wọ́n bá lè tú bóòtù yẹn, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn lójú ọ̀nà láìfọwọ́ kan síìlì rárá. Síìlì á dé Amẹ́ríkà tòun ti nọ́ńbà ẹ̀, gbogbo ìwé á bára mu, ohun tó bá wà nínú ẹ̀ ò ní jẹ́ kajú nìkan.

Mi ò sọ pé dírẹ́bà mọ̀. Ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó mọ̀. Ó jọ ti ẹni tí owó ẹ̀ fẹ́ bọ́. Ó ní láti ìjẹta lòun ti wà lórí ìlà kí wọ́n tó gbé e fún òun, ta ló máa san owó òun? Ìbéèrè gidi ni. Máníjà wò mí. Mi ò wò ó padà, mo wo Ìyá Ìbejì. Máníjà wá bi í pé, "Màmá, kí lẹ rí sí i?" Ó ní, "Bí ẹ bá ní kí n ṣa á, èmi á jù ú sí apá èyí tí kò dáa." Wọ́n dá a padà. Ìjà orí fóònù lẹ́yìn ìyẹn lé ní wákàtí méjì, mi ò fẹ́ rántí ẹ̀. Wọ́n fi owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ lé dírẹ́bà lọ́wọ́, wọ́n ṣèlérí kọ̀nténà mìíràn fún Ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ tó wù mí jù láti kọ nípa ẹ̀, òun náà ló nira jù láti kọ.

Mo ní kí wọ́n ka síìlì. Wọ́n ra 200, nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra. Ìwé sọ pé 163 ti lọ sára kọ̀nténà. Ó yẹ kó ku 37. Wọ́n kà á, 36. Wọ́n tún un kà. Akọ̀wé ẹrù da dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, kúlíkúlí fọ́n ká. Ẹnì kan wá ní, "Ta ló ń wọ ibí lóru?" Gbogbo ojú sì yí sí ìta, síbi géètì, níbi tí Bàbá Ọdẹ jókòó sí tó ń jẹ ẹ̀wà.

Mo ti ṣe irú ìdánwò yìí rí níbi mìíràn, ẹ̀rín ló sì máa ń parí ẹ̀. Níbí, akọ̀wé ti pe Bàbá wọlé kí n tó rí àyè ṣí báàgì. Bàbá dúró láàárín yàrá, sálúbàtà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo yọ síìlì náà jáde, mo yọ ìwé tí máníjà fọwọ́ sí, mo ní èmi ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ojú tí wọ́n fi wò mí yẹn, ṣé ẹ lè bá mi gbà á padà?"

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kò sí nǹkan, ó sì padà síbi ẹ̀wà ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan wà. Ìdánwò náà ṣiṣẹ́ fún ìwé mi: ọjọ́ mẹ́rin ni síìlì fi sọnù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àmọ́ ó tún fi hàn mí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí, kì í sì í ṣe ẹni tí dúrọ́ọ̀ ẹ̀ wà ní ṣíṣí. Mo sọ ìyẹn fún wọn lójú akọ̀wé. Kò dùn mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án, ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ bá Bàbá ní géètì. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe ń kọ ìwé yìí." Bàbá ṣí i fún un, wọ́n ń tọ́ka sí i láti ojú ewé dé ojú ewé. Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn wọn, ó ń yọjú. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, òun gan-an bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé, báírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ọkọ̀ mọ́kànlá tó wọlé tó sì jáde. Bàbá ò jiyàn. Ó ní nígbà tí òun dé, wọ́n ní kí òun kọ ọ́ kún kí ìwé má baà ṣófo, torí àwọn ọ́dítọ̀ ń bọ̀.

Torí èmi ń bọ̀, ìyẹn ni. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe ìwé ẹrù ní Àpápá, mo da nọ́ńbà síìlì kọ láti inú ìwé dípò kí n lọ síbi ilẹ̀kùn kọ̀nténà lọ wò ó. Òjò ń rọ̀ ni. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, 7 ló yẹ kó wà níbi tí 1 wà. Kọ̀nténà náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sí èbúté, owó ìdádúró sì gun orí oníbàárà. Ìwé mi kún dáadáa, kò sí àyè tó ṣófo nínú ẹ̀.

Mo bi Bàbá ta ló dúró ní géètì ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ó ní kò sí. Kò sẹ́ni tó rọ́pò ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àbájáde nìyẹn: wọn ò kọ pé "ọdẹ pa irọ́", wọ́n kọ pé "ilé iṣẹ́ kò ní ẹni tó ń dípò ọdẹ". Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò bá a mú gègé.

Ọjọ́ Ẹtì

Kọ̀nténà tuntun dé, ó mọ́. Páálí 700 wọ inú ẹ̀. Bàbá Ọdẹ ló fi síìlì sí i, akọ̀wé dúró tì í, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ya fọ́tò. Wọ́n wò ó, wọ́n fi nọ́ńbà wé ìwé, wọ́n fà á tagbáratagbára, wọ́n lọ́ ọ. Kò mira.

Lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n jókòó pẹ̀lú máníjà. Àbájáde mọ́kànlá ni wọ́n ní. Ó fọwọ́ sí mẹ́wàá: kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ méjì fún síìlì, pálẹ́ẹ̀tì olóǹtẹ̀, ẹni tó máa rọ́pò ọdẹ, yíyẹ báàgì àlejò wò, àti àwọn yòókù. Ìkọkànlá jẹ́ ti ara ẹ̀: pásíwọọ̀dù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ẹrù ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ẹni mẹ́rin ló sì ń lò ó. Ìyá Ìbejì ló kà á jáde. Máníjà ní òun á ronú sí i. Ó fi báírò sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo dìde lọ kí wọn. Ìyá Ìbejì fi ọ̀rá kajú méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní ti ọmọ mi nílé nìyẹn, ó sì ti san owó ẹ̀. Ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí gáréèjì ti ń fun fèrè níta.

Bàbá Ọdẹ wà ní géètì. Kò ṣí i. Ó dúró síwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi báàgì yín hàn mí."

Mo ṣí i. Ó gbé òòlù jáde, ó gbé téèpù, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìwé oníbàárà, ó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo abẹ́ gbogbo ẹ̀. Ó wá gbé ọ̀rá kajú méjèèjì sókè sí oòrùn. "Ìwé tó fi àyè gbà á láti jáde dà?"

Mo ní Ìyá Ìbejì ló fún mi. Ó ní òun gbọ́, ìwé ẹ̀ dà?

Mo wo ọkọ̀, mo wo Bàbá. Kò sí ẹ̀rín lójú ẹ̀ rárá, àfi etí ẹnu kan. Mo gbé kajú mi, mo padà lọ sí ọ́fíìsì láti lọ gba ìwé. Ọkọ̀ náà fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ.